Gíláàsì ilẹ̀kùn léètì CNC tó ti ṣú: ṣé ká pólíìṣì ẹ̀ ni àbí ká pààrọ̀ ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ní léètì CNC tókunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí tó ń yí irin kí tool lè gé e, tí wọ́n kó wá láti Britain, ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é, chuck ẹ̀, ohun tó ń di iṣẹ́ mú tó sì ń yí i, jẹ́ ínṣì 8, ó sì lè yí dé ìgbà 4000 ní ìṣẹ́jú kan. Gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀ ti ṣú, ó ti pọ́n, ìlà ti kún ojú ẹ̀, a ò fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ mọ́, ẹnìkan nínú wa tiẹ̀ ti wá kọ́kọ́rọ́ míì ki bọ switch ilẹ̀kùn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kó lè máa ṣí i sílẹ̀ wo iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n lọ bá àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù kí wọ́n gé pásípẹ́ẹ̀sì tó nípọn fún wa, ẹlòmíì ní ká kàn pólíìṣì èyí tó wà níbẹ̀. Kí lẹ rí sí i? Ṣé gíláàsì yẹn tiẹ̀ ní iye ọdún tó yẹ kó lò ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o káre tóo bèèrè kẹ́ ẹ tó lọ gé nǹkankan. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ẹ lésì ní ṣókí ná, torí mo mọ̀ pé ọ̀gá yín á fẹ́ gbọ́ ọ kíákíá: ẹ má pólíìṣì ẹ̀, ẹ má fi pásípẹ́ẹ̀sì sí i, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí irú èyí tó bá ẹ̀rọ yẹn wá. Tó bá sì jẹ́ pé ti 2004 yẹn ló ṣì wà lára ẹ̀, ì bá mọ́ kedere kẹ́ ẹ máa rí gbogbo inú ẹ̀rọ, ohun tí mo máa sọ náà nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnìkejì yín ki bọ switch yẹn, ẹ yọ ọ́ lónìí, kì í ṣe lọ́la, màá padà sórí ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé torí ká lè máa wo iṣẹ́ ni wọ́n ṣe fi gíláàsì síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ iṣẹ́ kejì nìyẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé tí nǹkan bá já lára chuck, kó dá a dúró sínú kó má kàn ẹ́. Wo ti ẹ̀rọ yín yìí, chuck ínṣì 8, láti àárín ẹ̀ dé etí ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Ká ní jaw kan, ìyẹn eyín chuck tó ń di iṣẹ́ mú, tó wúwo tó ìdajì kílò já kúrò ní etí yẹn nígbà tí spindle, ọ̀pá tó ń yí chuck, ń yí 4000 ní ìṣẹ́jú kan, eré tó máa bá jáde á tó mítà 42 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 150 ní wákàtí kan, agbára tó sì gbé dání á sún mọ́ Joule 440. Ibo ló sì ń lọ? Ó lè gba ibikíbi lọ o, àmọ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un jù ni iwájú, níbi tí gíláàsì wà, níbi tí ìwọ náà gbé orí sún mọ́ tóò ń wò bóyá tool ti kan iṣẹ́. Kì í sì í ṣe jaw nìkan, iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lè bọ́ tí wọn ò bá dì í mú dáadáa, boring bar, ọ̀pá tó ń gbẹ́ inú ihò, lè ṣẹ́, insert, ẹnu tool tó ń gé irin, lè fọ́. Gbogbo ìyẹn, ike pẹlẹbẹ kan tó ń dán báyìí ló dúró láàárín òun àti ojú èèyàn.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣe gíláàsì lásán, oríṣi ike kan tó ń jẹ́ pọlikábọ́nétì ni. Ní 1953 ni Hermann Schnell ṣe é jáde ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, lọ́dún yẹn kan náà Daniel Fox náà ṣe tiẹ̀ ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ò sì mọ̀ pé èkejì ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orúkọ méjì lo máa ń bá lára ẹ̀ lọ́jà, Makrolon ti Jámánì, Lexan ti Amẹ́ríkà. Ohun tó mú kí wọ́n yàn án fún iṣẹ́ yìí ni pé tí nǹkan bá gbá a, kì í fọ́ yángá, ńṣe ló máa tẹ̀ síta, á wú, á fi títẹ̀ yẹn gba gbogbo agbára tó ń bọ̀ wá bá a. Ìwọ rántí ọ̀rọ̀ títẹ̀ yẹn o, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Pọlikábọ́nétì tí kò lè tẹ̀ mọ́ ti di nǹkan míì, bó ti wù kó nípọn tó.

Kí ló wá ń gba títẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀? Kúláńtì ni pàtàkì, ohun olómi tí à ń dà sójú iṣẹ́ kó má gbóná jù. Kúláńtì tí à ń pò mọ́ omi, pH ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 8.5 sí 9.5, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí irin má baà dípẹtà, kó sì má tètè rà, àmọ́ nǹkan tó dáa fún irin yẹn gan-an ló ń jẹ pọlikábọ́nétì. Àwọn kẹ́míkà tó ń jẹ́ amine tó wà nínú kúláńtì, epo, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, oòrùn tó ń ta sí i láti ojú fèrèsé wọ́kíṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ló pawọ́ pọ̀ ń gé àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tó so ó pọ̀ láti inú lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Bí ẹ̀wọ̀n yẹn ṣe ń kúrú ni títẹ̀ ẹ̀ ń dínkù, á wá gan, bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì ike tó ti pẹ́ nínú oòrùn, tó ṣì rí bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì títí dìgbà tóo fi omi kún un tí etí ẹ̀ fi já mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ò lè fi mọ̀ ọ́n. Èyí tó ṣú lè ṣì ní agbára díẹ̀ nínú, èyí tó mọ́ roro lè ti kú tipẹ́. Ẹni tó bá ń fi mímọ́ ẹ̀ díwọ̀n agbára ẹ̀, nǹkan méjì tí kò jọra ló ń pò pọ̀.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ò kàn ń fojú wò ó pé èyí nípọn tó. Ìlànà ISO 23125, ọ̀kan nínú ìlànà tí àjọ ISO ń gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé, tó wà fún ẹ̀rọ léètì, sọ bí wọ́n ṣe máa dán an wò: wọ́n á gbé gíláàsì yẹn sínú fíréèmù, wọ́n á wá yin irin líle lù ú lójú bí ẹni yìnbọn, irin yẹn á wúwo kílò 0.625 tàbí 1.25 tàbí 2.5, bí chuck bá ṣe tóbi sí ni irin ìdánwò ṣe ń wúwo sí, lẹ́yìn náà wọ́n á wò ó bóyá ó là já tàbí ó bọ́ kúrò nínú fíréèmù. Ibẹ̀ ni lẹ́tà A, B, C tí wọ́n ń kọ sára gíláàsì ti wá, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ń sọ bí eré yẹn ṣe pọ̀ tó. Chuck ínṣì 8 bíi tiyín, ọ̀wọ́ B ló bọ́ sí. Ti ẹ̀rọ milling, níbi tó ti jẹ́ tool ló ń yí, ní ISO 16090-1 tiẹ̀, irin ìdánwò tibẹ̀ kéré, gíráàmù 100 ni, torí ohun tó sábà máa ń fò níbẹ̀ ni ẹyọ tool tó ṣẹ́, kì í ṣe jaw. Ẹ̀rọ yín ti jáde kí ISO 23125 tó kọ́kọ́ jáde ní 2010, nítorí náà o lè má rí nọ́ńbà yẹn lára ẹ̀, àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè fún nìyẹn. Kóo sì tún fi í sọ́kàn pé gíláàsì tuntun ni wọ́n máa ń fi ṣe ìdánwò yẹn. Kò sí ẹni tó lè gbé gíláàsì tó ti wà nínú kúláńtì fún ogún ọdún fún ẹ kó ní B ló ṣì jẹ́.

Ní Britain tí ẹ̀rọ yín ti wá, HSE, àwọn tí ìjọba gbé ààbò níbi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ti kọ̀wé tipẹ́ lórí nǹkan tó ń fò jáde lára léètì CNC, wọ́n sì kìlọ̀ fáwọn ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ pé kúláńtì ń sọ pọlikábọ́nétì di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Mo ń sọ èyí torí ohun tójú ń rí pẹ̀lú ẹ̀rọ tókunbọ̀. Ẹni tó ń kó o wá á yẹ spindle wò, á yẹ turret tó ń gbé tool dání wò, á tan control ẹ̀, á kun ún ní ọ̀dà, kò sí ẹni tó máa bèèrè ọjọ́ orí gíláàsì. Lára ohun tó sì lè mú kí ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta ẹ̀rọ ni pé owó àtúnṣe ẹ̀ ti ń ga, gíláàsì sì wà lára àtúnṣe yẹn. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀rọ tókunbọ̀, ẹ fi owó gíláàsì kún owó ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń fi owó táyà kún owó mọ́tò tókunbọ̀.

Ó yá, ká wá sórí pásípẹ́ẹ̀sì. Mi ò bínú sí ọ̀gá yín, pásípẹ́ẹ̀sì mọ́ ju pọlikábọ́nétì lọ, ìlà kì í tètè há a, ó wọ́pọ̀, owó ẹ̀ sì dínkù. Àmọ́ oríṣi ike míì tó ń jẹ́ acrylic ni, acrylic kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń fọ́, èyí tó bá sì fọ́ nípọn bẹ́ẹ̀ yẹn, àfọ́kù ẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Jaw á gba inú ẹ̀ kọjá, á tún kó àfọ́kù yẹn dání bọ̀. Gíláàsì ilé lásán burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì mọ́tò nìkan náà ò tó, kódà èyí tó jẹ́ pé tó bá fọ́ á di wóró wóró, torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún kì í ṣe èyí. Polycarbonate tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé, èyí tó ní ihò gígùn gígùn nínú, kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá.

Wàhálà míì tún ni pé tóo bá dé ọjà, ẹni tó ń tà á lè fi acrylic fún ẹ kó ní Lexan ni, nígbà míì òun gan-an ò mọ ìyàtọ̀. Bóo ṣe máa mọ̀ rèé. Gba àjákù kékeré lọ́wọ́ ẹ̀, èyí tó jẹ́ láti ara sheet tóo fẹ́ rà gan-an, mú un dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù, wọ gọ́gùlù, dì í mú nínú váìsì kí ìdajì ẹ̀ yọ síta, kóo wá fi òòlù gbá a. Acrylic á ṣẹ́ lójú kan náà, ojú ibi tó ti ṣẹ́ á máa dán. Pọlikábọ́nétì á wọ́, á tẹ̀, ojú òòlù á hàn lára ẹ̀, kò ní ṣẹ́. Tí ò bá tíì dá ẹ lójú, gé èyí tó tóbi bí èékánná, fi pílá dì í mú, jáde sí gbangba, tan iná sí i. Acrylic á máa jó lọ kódà lẹ́yìn tóo ti gbé iná kúrò, èéfín ẹ̀ ò pọ̀, òórùn ẹ̀ á máa ta díẹ̀ bí òórùn èso. Pọlikábọ́nétì á tú èéfín dúdú pẹ̀lú nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ tó ń fò, tóo bá sì gbé iná kúrò á fẹ́ kú fúnra ẹ̀. Má fa èéfín yẹn símú.

Pólíìṣì ńkọ́? Pólíìṣì lè dá ojú padà fún un, kò lè dá agbára padà. Àwọn ẹ̀wọ̀n tó ti gé nínú ò ní tìtorí pé ẹ fi máṣíìnì yí ojú ẹ̀ so padà. Ó tún wá léwu lọ́nà méjì míì: ẹ máa họ awọ líle tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀ kúrò, èyí tó ń dènà kúláńtì àti èérún irin, láti ọjọ́ yẹn ni kúláńtì á máa wọlé tààrà, èkejì sì ni pé nígbà tó bá ti mọ́ padà, gbogbo yín á gbàgbé pé ó ti gbó. Ní tèmi, gíláàsì tó gbó tó sì ṣú sàn ju èyí tó gbó tí wọ́n pólíìṣì lọ, torí èyí tó ṣú ṣì ń fún yín ní wàhálà tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ náà wà nínú ohun tó ń pa á. Mo mọ̀ pé ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa, tínà ni a fi ń nu gbogbo nǹkan, tí kò bá sí tínà, pẹtiróòlù. Ẹ jọ̀ọ́, tínà, pẹtiróòlù, acetone, nǹkan ìnu gíláàsì tó ní ammonia nínú, ìkankan nínú wọn ò gbọ́dọ̀ kan pọlikábọ́nétì. Kò ní sọ nǹkankan lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ibi tí bóòtì ti fún un mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ìlà tín-ín-rín á ti bẹ̀rẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ọṣẹ abọ́ díẹ̀, aṣọ rírọ̀ tí kò ní èérún irin lára, ó parí. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún tí èérún irin bá ṣì wà lójú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da omi sí i kó ṣàn lọ.

Ní báyìí, kó tó di pé tuntun dé, mo fẹ́ kóo yẹ èyí tó wà níbẹ̀ wò dáadáa, kóo lè mọ bó ṣe burú tó, kóo sì lè fi han ọ̀gá yín. Pa ẹ̀rọ pátápátá, fọ gíláàsì yẹn ní inú àti ní òde, jẹ́ kó gbẹ. Mú tọ́ọ̀ṣì, má tàn án síwájú, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iná máa rá kọjá lórí ẹ̀. Wàá rí oríṣi nǹkan mẹ́ta. Ìlà tí aṣọ há, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ojúàmì kéékèèké tí èérún irin gbígbóná ti lẹ̀ mọ́ ọn tó sì yọ́ wọ inú ẹ̀, òmíì á ṣì ní irin aláwọ̀ búlúù nínú, tóo bá fi èékánná kàn án wàá mọ̀ pé ó jìn, ìyẹn ti burú. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ìlà tín-ín-rín bí irun, tó pọ̀, tó ń tàn yí ihò bóòtì ká tàbí tó ń jáde láti abẹ́ rọ́bà, tó jẹ́ pé tóo bá yí tọ́ọ̀ṣì á pòórá, tóo bá tún yí i padà á dán wàì bíi fàdákà. Kì í ṣe ojú ẹ̀ nìyẹn wà o, inú ẹ̀ ló wà. Ibi tóo bá ti rí ìyẹn, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá ẹ jiyàn mọ́.

Lẹ́yìn náà tú rọ́bà etí ẹ̀ díẹ̀ kóo wo abẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni kúláńtì máa ń sùn sí, ojú kì í dé ibẹ̀, etí pọlikábọ́nétì tó wà lábẹ́ fíréèmù lè ti funfun, kó ti wú, kó ti sán nígbà tí àárín ẹ̀ ṣì dáa. Tó bá jẹ́ oríṣi tó ní ìpele méjì, gíláàsì gidi tó ń kọjú sí chuck, pọlikábọ́nétì lẹ́yìn ẹ̀ tó ń kọjú sí èèyàn, wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá nǹkan bí epo tàbí bíi wàrà ti ń rá wọ àárín wọn. Tó bá ti wọlé, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi dí etí ẹ̀ ti là, kúláńtì ti wà lára pọlikábọ́nétì yẹn tọ̀sán-tòru, kò sì sí bó ṣe máa gbẹ níbẹ̀. Wá lébẹ́ẹ̀lì tàbí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí igun ẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ló máa ń ní oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ìyẹn gbé wa dé ìbéèrè ẹ nípa iye ọdún. Ohun tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ lẹ máa tẹ̀lé. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, àwọn kan ní ọdún 2 fún pọlikábọ́nétì tí kúláńtì ń kàn tààrà, àwọn míì ní ọdún 5, èyí tí wọ́n fi gíláàsì bò níwájú tí wọ́n sì dí etí ẹ̀ pa máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í sára ẹ̀rọ. Tí ohun kan bá sì ti gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, jaw o, iṣẹ́ o, kódà kó má sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ọdún yòówù kó kù fún un. Ó ti lo títẹ̀ ẹ̀ ní ojú ibẹ̀ nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rà á: ẹ kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yẹn sọ̀rọ̀, ẹ fún wọn ní model àti serial number tó wà lára nameplate. Bí wọn ò bá ṣe é mọ́, àwọn kan wà ní Britain àti Jámánì tó jẹ́ pé gíláàsì ẹ̀rọ nìkan ni iṣẹ́ wọn, ẹ fún wọn ní ìwọ̀n, kí ẹ sì bèèrè fún ìwé tó sọ class ẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn, ní ìbámu pẹ̀lú ISO 23125. Tí èyí tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ìpele méjì, ẹ má fi pọlikábọ́nétì lásán rọ́pò ẹ̀ torí pé ó dínwó. Tó bá sì jẹ́ pọlikábọ́nétì nìkan ló bá ẹ̀rọ wá, sheet tó kún inú, tí nínípọn ẹ̀ ò dín sí ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti fi awọ líle bò ní ojú méjèèjì, Lexan Margard jẹ́ ọ̀kan nínú irú ẹ̀. Ẹ má lẹ sheet tínrín méjì pọ̀ kó lè nípọn, nǹkan tó wà nínú gọ́ọ̀mù yẹn máa ń jẹ ẹ́.

Fífi í sí náà níṣẹ́ nínú, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ máa ń bà á jẹ́. Wo bí èyí tẹ́lẹ̀ ṣe wọ abẹ́ fíréèmù tó, kóo wọ̀n ọ́n, tuntun ò gbọ́dọ̀ dín sí i. Nígbà tí nǹkan bá gbá a tó sì tẹ̀ síta, etí ẹ̀ máa fà wọ inú, tó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló wà lábẹ́ fíréèmù, odidi ẹ̀ ló máa yọ kúrò tó máa gbá ẹni tó dúró síbẹ̀, pọlikábọ́nétì ò fọ́, èèyàn ló fọ́. Àmọ́ má fún un pa. Pọlikábọ́nétì máa ń gùn sí i tí ooru bá mú un ju irin lọ dáadáa, èyí tó gùn tó mílímítà 600, tí ooru bá yàtọ̀ ní dígírì 30, á fi mílímítà kan ó lé díẹ̀ gùn sí i, irin tó yí i ká á fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà gùn. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká, tó bá sì jẹ́ oríṣi tó ní ihò bóòtì látilẹ̀, kí ihò yẹn tóbi ju bóòtì lọ, kí ojú ihò náà dán, kí dírílì má fi ibi tó sán sílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọn ò lu ihò sí i tẹ́lẹ̀, má lu ihò.

Rọ́bà EPDM ni kẹ́ ẹ lò. Rọ́bà PVC rírọ̀ tí wọ́n ń tà lójú pópó, epo tó mú kó rọ̀ yẹn máa ń ṣàn wọ inú pọlikábọ́nétì, á sì sán an láti etí. Silikóònù tó ń rùn bíi fínígà, má lò ó, wá èyí tí wọ́n kọ neutral cure sí. Ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni threadlocker, gọ́ọ̀mù tí à ń fi sójú bóòtì kó má tú, ẹ̀kán kan péré tó bá sun kan pọlikábọ́nétì tó wà ní fífún mọ́lẹ̀, ó lè sán an kẹ́ ẹ má tíì parí iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìpele méjì, gíláàsì ló máa kọjú sí chuck, pọlikábọ́nétì ló máa kọjú sí yín. Ẹni tó bá dojú ẹ̀ kọ òdì, àfọ́kù gíláàsì ló ń tò sílẹ̀ de ọpùrétọ̀ yẹn.

Ó yá, kọ́kọ́rọ́ inú switch. Mo mọ ohun tó fà á, ẹni tí ò bá rí iṣẹ́ ẹ̀ á fẹ́ ṣílẹ̀kùn, kì í ṣe pé ó ya aláìgbọràn. Ìdí tí mo fi ń sọ pé gíláàsì tó ṣú léwu lọ́nà méjì nìyẹn, ó léwu fúnra ẹ̀, ó tún ń kọ́ èèyàn láti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Àmọ́ gíláàsì tó gbó ṣì sàn ju kí gíláàsì má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn kí ọ̀gá yín tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Tó bá ń jiyàn, sọ fún un pé Factories Act ti ọdún 1987 ní orílẹ̀-èdè wa níbí sọ pé ibi tó léwu lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ohun tó dí i pa, kí ohun náà sì máa wà bó ṣe yẹ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ sì lè kan òun tó ni ibẹ̀.

Kí tuntun tó dé, ẹ dín eré spindle kù. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró sí 2000 dípò 4000, eré jaw á dín sí ìdajì, àmọ́ agbára tó gbé dání á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, Joule 440 yẹn á di 110. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ á pẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ẹ fi gíríìsì sí chuck bí ìwé ẹ̀ ṣe wí, chuck tó gbẹ ò lè di iṣẹ́ mú bí ojú gauge ṣe ń sọ, bó sì ṣe ń sáré sí i ni jaw ń fẹ́ ṣí síta sí i. Nígbà tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ tuntun tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ tẹ start, kẹ́nikẹ́ni má dúró níwájú gíláàsì yẹn, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi control títí eré ẹ̀ á fi dúró sójú kan.

Ìgbà tí tuntun bá dé, ẹ fi máàkà kọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti ọdún tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sára fíréèmù níbi tí gbogbo ojú á ti rí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ya fọ́tò nameplate ẹ̀rọ yẹn, ya igun gíláàsì tó ní lébẹ́ẹ̀lì, wọn nínípọn ẹ̀ pẹ̀lú vernier, kóo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye tí wọ́n pè é, màá bá yín wò ó bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ló yẹ ẹ̀rọ yẹn.